Òkè kẹta yẹn ò dáa o

Ẹ gbà mí o, ẹsẹ̀ mi ò tíì padà sípò. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré inú igbó tán ni, òkè lórí òkè.

Nígbà tá a dé òkè kẹta mi ò lè sáré mọ́ jàre, mo fọwọ́ ti orúnkún méjèèjì mo ń rìn bí arúgbó, òun wà níwájú, ẹrẹ̀ ti bo bàtà ẹ̀ débi pé mi ò mọ àwọ̀ ẹ̀ mọ́, ó kàn na ọwọ́ sẹ́yìn láì wojú mi, ó ní "dì í mú, má sọ̀rọ̀." Ọwọ́ ẹ̀ ń yọ̀ fún òógùn, mo dì í mú bẹ́ẹ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló wá pa itan mi. Ẹni tó ní ó rọrùn, irọ́ ló ń pa!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sáré ní méjì-méjì rí, ta ló ń fa ta?