Tíì Olóòórùn Ìgbà Kérésìmesì ní Lọ́ńdọ̀nù: Èyí Tó Bí Mi Nínú àti Èyí Tó Tẹ́ Mi Lọ́rùn

Nínú oṣù Kejìlá ní Lọ́ńdọ̀nù, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn á ti máa wọ̀, òtútù á sì ti máa wọ inú eegun ẹni tó bá ti Ìbàdàn dé. Àkókò yìí gan-an ni àwọn ilé ìtajà ibẹ̀ máa ń pàtẹ àwọn tíì tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ èròjà olóòórùn fún ọdún Kérésìmesì: tíì dúdú tó ní èèpo ọsàn gbígbẹ, kànáfùrù àti sínámónì nínú, èyí tó ní ata ilẹ̀, èyí tó ní fànílà, àti àwọn mìíràn tí kò tilẹ̀ ní ewé tíì kankan bí kò ṣe èso gbígbẹ nìkan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ti pẹ́ ní Woolwich, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, a máa fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nílé nígbà tí ẹnìkan bá ń bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo lọ lo ìsinmi ọdún lọ́dọ̀ wọn, ohun tó jẹ mí lógún ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé kí n tọ́ àwọn tíì wọ̀nyí wò níbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n, kí n sì mọ èyí tó yẹ kí èèyàn náwó lé lórí. Ìrìn òfuurufú kò mú wàhálà kankan wá, n kò ní fi í dá yín dúró.

Ọjà Kérésìmesì kan tí wọ́n máa ń pa àtíbàbà rẹ̀ sí etí odò Thames ni a kọ́kọ́ yà sí. Iná aláràbarà wà lára gbogbo àtíbàbà, orin ọdún ń dún, òórùn sọ́séèjì tí wọ́n ń yan sì gba gbogbo afẹ́fẹ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń yan sọ́séèjì yìí gan-an ni olùtajà tíì wà. Ó to àwọn ìgò ńláńlá síwájú, ó sì ṣí ìdérí gbogbo wọn sílẹ̀ kí ojú àwọn tó ń kọjá lè rí òdòdó gbígbẹ, ègé ápù àti ègé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ń dán nínú wọn. Wọ́n lẹ́wà lójú, n kò ní purọ́. Mo béèrè bóyá mo lè tọ́ díẹ̀ wò kí n tó rà, ó ní ife bébà kan, pọ́n-ùn márùn-ún ni. Mo ní kó bá mi wọn 50 gíráàmù nínú èyí tó pè ní tíì ọdún.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ fetí sí. Kò bu 50 gíráàmù. Ó ki ṣíbí onígi bọ inú ìgò, ó bù ú, ó tún bù ú, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa bí òtútù ti pọ̀ tó, ó sì ń da tíì sínú àpò títí àpò náà fi kún dé ẹnu. Nígbà tó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó ti di 220 gíráàmù. Iye tí wọ́n kọ sára páálí, pọ́n-ùn méje ààbọ̀, ti 50 gíráàmù péré ni, lẹ́tà tí wọ́n sì fi kọ ìwọ̀n náà sábẹ́ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú kó tó lè kà á. Ó ní kí n mú pọ́n-ùn 33 wá. Mo sọ fún un pé ohun tí mo béèrè kọ́ nìyẹn. Ó dáhùn pé tíì tí òun bá ti bù sínú àpò, òun kì í dá a padà sínú ìgò, nítorí ìmọ́tótó.

Ìmọ́tótó! Ẹni tó ṣí ìgò sílẹ̀ fún eruku, èéfín àti ikọ́ gbogbo èrò ọjà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọn kì í sábà bá ẹnikẹ́ni jiyàn níta, sún mọ́ iwájú. Wọ́n ní, “Má dá a lóhùn mọ́, àbúrò mi. Yóò wọn ohun tí o béèrè.” Wọ́n wá yíjú sí olùtajà náà, wọ́n sì sọ fún un pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ pé 50 gíráàmù ni a ó san owó rẹ̀, pé a kò kánjú, pé a ó sì dúró síbẹ̀ títí yóò fi wọ̀n ọ́n. Àwọn èèyàn tó tò sẹ́yìn wa ti ń na ọrùn láti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tó rí i pé a kò kúrò, ó wọn 50 gíráàmù, ó gba owó rẹ̀ tìbínú-tìbínú, kò sì sọ pé a ṣeun.

Inú mi ìbá tún dùn díẹ̀ ká ní tíì náà dára. Nígbà tí a sè é nílé, omi rẹ̀ pupa fòò, ó kan lẹ́nu, nítorí pé ìṣápá ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìṣápá pupa yìí kan náà ni a ń rà ní ọjà Bódìjà láti fi ṣe sóbò. Kò sí ohun tó burú nínú ìṣápá, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń po tíì eléso máa ń fi ṣe ìpìlẹ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀ àti kíkan rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé mo san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀, ègé èso tó kù nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi ṣúgà bò, tí ó sì wúwo lórí òṣùwọ̀n. Òórùn sínámónì tí mo gbọ́ lọ́jà kò dé inú ife rárá.

Ìdí tí kò fi dé ibẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ewé tíì, àti ohun gbígbẹ gbogbo tí a bá pò mọ́ ọn, a máa fa òórùn ohun tó bá wà nítòsí mọ́ra, a sì máa pàdánù ti ara rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin bá ń kàn án. Ìgò tí wọ́n ṣí sílẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́séèjì, nínú ìrì etí odò, kò lè mú ohun gidi jáde. Bí ẹ bá rí olùtajà tíì tó ṣí gbogbo ìdérí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọjá lọ.

Ọkàn mi kò fẹ́ lọ síbòmíràn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní a kò lè jẹ́ kí ẹnìkan ba ọdún jẹ́ fún wa. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òpópónà Strand, sí ilé ìtajà Twinings tó wà ní ojúlé 216, tó dojú kọ ilé ẹjọ́ gíga ńlá nì. Ibẹ̀ ni Thomas Twining ti bẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀ ní 1706, àwọn èèyàn ṣì ń ra tíì níbẹ̀ títí di òní. Ilé náà tóóró gan-an, èèyàn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ na ọwọ́ méjèèjì kan ògiri méjèèjì, àmọ́ ó gùn lọ sẹ́yìn. Lókè ẹnu ọ̀nà, ère kìnnìún aláwọ̀ góòlù kan dùbúlẹ̀, ère àwọn ará Ṣáínà méjì sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ooru inú ilé náà nìkan tó láti mú inú èèyàn yọ́. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn kò kánjú rárá bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò pọ̀. Ó ṣí agolo kan, ó jẹ́ kí n gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì dé e padà kíá kó tó ṣí òmíràn, ohun kékeré yìí ló sì jẹ́ kí n fọkàn tán an. Mo gbọ́ òórùn tíì ọdún wọn: kànáfùrù ló kọ́kọ́ jáde, èèpo ọsàn tẹ̀ lé e, òórùn tíì dúdú fúnra rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ wọn láìfarasin. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lẹ́nu. Ohun tí mo ń wá nìyí. Mo gbà tọkàntọkàn pé èròjà tí a bá fi kún tíì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí adùn ewé náà ṣì hàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí èèyàn kúkú se kànáfùrù nìkan mu.

Mo tọ́ Earl Grey náà wò láìfi mílíìkì sí i. Tíì dúdú ni, òróró èèpo bergamot ni wọ́n sì fi ń fún un ní òórùn. Ọsàn kíkan kan ni bergamot, ẹkùn Calabria ní gúúsù Ítálì ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ti ń wá. Nílé, gbogbo tíì ni a máa ń da mílíìkì sí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbìyànjú láti yọ ti Earl Grey sọ́tọ̀, nítorí mílíìkì máa ń bo òórùn ọsàn yẹn mọ́lẹ̀. Tíì ọdún tó ní kànáfùrù àti sínámónì ní tirẹ̀ gba mílíìkì dáadáa.

Èyí tó wú mi lórí jù ni tíì òdòdó jásímínì láti Ṣáínà. Wọn kì í fi òróró kankan sí èyí tó jẹ́ ojúlówó. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń já òdòdó náà nígbà tí kò tíì là, wọn á pò ó pọ̀ mọ́ ewé tíì, òdòdó á là lóru, ewé á sì fa òórùn rẹ̀ mọ́ra. Lówùúrọ̀, wọn á ṣa òdòdó ọjọ́ náà kúrò, wọn á gbẹ ewé náà, wọn á sì tún fi òdòdó tuntun bẹ̀rẹ̀, ó lè di ọ̀pọ̀ òru. Ohun kan náà tó ba tíì olùtajà etí odò jẹ́ ni àwọn wọ̀nyí fi sùúrù sọ di iṣẹ́ ọwọ́. Omi tó bá ń hó yaya kò dára fún un. Kí omi náà rọlẹ̀ sí nǹkan bí 80 lórí ìwọ̀n Celsius, kí ewé má sì pẹ́ nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò korò. Mo tún gbọ́ òórùn Lapsang Souchong, tí wọ́n ń fi èéfín igi páìnì yan ní agbègbè òkè Wuyi ní Fujian. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti ẹja yíyan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. N kò rà á, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi rà á, agolo tirẹ̀ sì wà lọ́tọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn kó má bàa ran àwọn tó kù.

Ní Greenwich, tí kò jìnnà sí Woolwich, a lọ wo ọkọ̀ ojú omi Cutty Sark, èyí tí wọ́n kàn ní 1869 láti máa fi ìgbòkun sáré kó tíì láti Ṣáínà wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Mo dúró pẹ́ níbi tí wọ́n to àwọn àpótí tíì sí nínú ikùn ọkọ̀. Láyé ìgbà yẹn, òjé ni wọ́n máa ń fi tẹ́ inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ kí atẹ́gùn òkun àti ọ̀rinrin má bàa kan ewé. Ọdún tí wọ́n kan ọkọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ṣí odò àtọwọ́dá Suez ní Íjíbítì, tó mú kí ọ̀nà Ṣáínà kúrú fún àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń fi èédú rìn, òwò tíì sì bọ́ mọ́ àwọn ọkọ̀ onígbòkun lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ Kérésìmesì fúnra rẹ̀, kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ọkọ̀ ojú irin ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, ẹ tètè fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ní ibi tí ẹ fẹ́ lọ. Inú ilé la wà. Lẹ́yìn ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti tọ̀lọ̀tọ̀lọ̀, ẹ̀gbọ́n mi gbé tíì tí mo mú bá wọn láti ilé jáde, tíì dúdú tí wọ́n ń gbìn lórí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Wọ́n ti gbẹ èèpo ọsàn lórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n fi kànáfùrù díẹ̀ àti ègé ata ilẹ̀ gbígbẹ sí i, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ sùn mọ́jú nínú agolo tó dé dáadáa. Omi tí wọ́n ti sẹ́ ni wọ́n fi sè é, nítorí pé omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ní èròjà ẹfun púpọ̀ nínú, ìyẹn ló sì máa ń fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sójú tíì. Bí ẹ kò bá ní asẹ́ omi, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, awọ náà yóò pòórá.

Tíì Mambilla yẹn lágbára, ó sì dúró gírígírí lábẹ́ kànáfùrù. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n kì í mu tíì, gbé ife wá lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi í sí ipò kìíní láàárín gbogbo èyí tí mo tọ́ wò, mo sì fi ti Strand sí ìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un fún ẹni tó bá fẹ́ rà wálé. Bí ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá bá ti kọjá, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà máa ń dín owó agolo tí wọ́n ya àwòrán Kérésìmesì sí lára kù, tíì inú rẹ̀ sì ni tíì tí wọ́n ń tà lówó gọbọi lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ìgbà yẹn ni mo ra èyí tí mo mú bọ̀ fún ìyá wa. Ẹ yan agolo tí wọ́n lẹ̀ pa, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, bí ṣúgà bá sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.