Síkáànù ní mi ò ní nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ mi ní irọ́ ni

Ẹ̀yin tí kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ yín ga bíi tèmi, tí wọ́n fẹ́ fi yín ránṣẹ́ fún síkáànù sestamibi (àwòrán tí wọ́n fi ń wá gílándì tó ń ṣàṣejù lọ́rùn), ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi ná. Iṣẹ́ abẹ mi ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọrùn ṣì ń ta mí, inú sì ṣì ń bí mi.

London ni mò ń gbé. Ọdún méjì gbáko ni egungun fi ń ro mí, òkúta kíndìnrín ẹ̀ẹ̀mejì, mo máa dé kíṣìnì mi ò ní rántí ohun tí mo wá mú. Kálísíọ́mù mi jẹ́ 2.81, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó kọjá 2.6, PTH (họ́mọ́nù tí gílándì parathyroid ń tú jáde) náà ga, ìyẹn ni pé gílándì parathyroid mi ń ṣiṣẹ́ àṣejù, àwọn kékeré mẹ́rin bíi hóró ìrẹsì tó wà lẹ́yìn thyroid, gílándì ńlá iwájú ọrùn (kì í ṣe gẹ̀gẹ̀ o, ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé).

Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ technetium, oògùn tó ní ìtànṣán díẹ̀ tí kámẹ́rà lè rí, kíá lẹnu mi dà bíi pé mo há kọ́bọ̀ sẹ́rẹ̀kẹ́. Wọ́n sọ irin pẹrẹsẹ kan, kámẹ́rà ni, kalẹ̀ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú mi, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ mira, itọ́ gan-an ẹ̀rù ń bà mí láti gbé e mì. Wákàtí méjì lẹ́yìn ìyẹn wọ́n tún yà á, torí thyroid máa ń tètè tú oògùn yẹn sílẹ̀, gílándì tó ń ṣàṣejù ló máa ń dì í mú.

Lẹ́tà dé, wọn ò rí nǹkan kan. Dókítà tí mo bá ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, ó ní síkáànù mi mọ́, kí n máa mu omi, ó dọdún tó ń bọ̀. Màmá mi gbọ́ lórí fóònù, wọ́n bú sẹ́kún ayọ̀. Sọ́ńdè yẹn wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì n'Íbàdàn, wọ́n jó, wọ́n jẹ́rìí pé àìsàn ọmọ àwọn ti wábi gbà, ẹnì kan sì fi fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ báàtìrúùmù ni mo ti wò ó, mo ń bì, òkúta tún ti ń gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má sọ pé mi ò nígbàgbọ́, mo ní. Àmọ́ ọjọ́ yẹn mo rò ó pé àbí orí mi ni ò pé.

Ẹ̀kọ́ kìíní: síkáànù yẹn kì í sọ bóyá o ní àìsàn, ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ọ̀nà ló kàn ń júwe fún ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ. Tí gílándì bá kéré, tàbí tó bá ju ọ̀kan lọ, ó lè má hàn rárá.

Ẹ̀kọ́ kejì, ẹ gba èsì ẹ̀jẹ̀ yín sọ́wọ́, torí ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ọ́, mo mọ̀ pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìlànà NICE (àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà ní England) ti 2019 gan-an ní tí síkáànù ò bá rí i, kí wọ́n yẹ gílándì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò nínú iṣẹ́ abẹ. Kò ní kí wọ́n lé èèyàn lọ sílé. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.

Oníṣẹ́ abẹ míì ló padà ṣe é, méjì ló yọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kálísíọ́mù mi ti di 2.34.

Màmá mi ní kí wá làwọn fẹ́ sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Mo ní kí wọ́n tún lọ jó.