Focus ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ohun tí ìbéèrè conic kọ́ mi

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń múra WAEC ní Further Maths. Coordinate geometry kì í dẹ́rù bà wọ́n títí tó fi kan conic, ìyẹn orúkọ àpapọ̀ fún parabola, ellipse àti hyperbola. Tó bá débẹ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í há fọ́múlà: ti parabola lọ́tọ̀, ti ellipse lọ́tọ̀, ti hyperbola lọ́tọ̀. Bí ìbéèrè bá wá yíjú padà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá di ìtumọ̀ yẹn mú, ohun tó máa há sórí á dín kù gan-an.

Òun nìyí. Ẹ mú pọ́íǹtì kan tí kì í kúrò lójú kan, ìyẹn focus. Ẹ fa ìlà tààrà kan, ìyẹn directrix. Pọ́íǹtì yòówù tó bá wà lórí conic, ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí focus, kí ẹ fi bó ṣe jìnnà sí directrix pín in. Iye kan náà lẹ ó máa rí. Iye yẹn là ń pè ní e. Bí e bá jẹ́ 1 géérégé, parabola ni. Bí kò bá tó 1, ellipse ni. Bó bá ju 1 lọ, hyperbola ni.

Ẹ jẹ́ ká lò ó. Wọ́n ní pọ́íǹtì kan wà lórí y² = 12x, ó sì fi ìwọ̀n 5 jìnnà sí focus. Níbo ló wà? (Nínú y² = 4ax, focus wà ní (a, 0), directrix sì jẹ́ ìlà x = −a; focus tiwa níbí wà ní (3, 0).) Ọ̀pọ̀ ọmọ á kọ (x − 3)² + y² = 25, wọn á fi 12x rọ́pò y², wọn á rí x² + 6x − 16 = 0, x á wá jẹ́ 2 tàbí −8. Kò burú, àmọ́ −8 kò ṣeé lò, torí y² kò lè jẹ́ −96. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń kọ méjèèjì sílẹ̀, tí máàkì á sì lọ. Ìtumọ̀ wa kò gba wàhálà yẹn rárá: 4a = 12, a = 3, directrix wà ní x = −3. Bí pọ́íǹtì náà ṣe jìnnà sí focus ló ṣe jìnnà sí directrix, nítorí náà x + 3 = 5, x = 2, y = ±2√6. Ó tán.

Èyí tó ń gba máàkì lọ́wọ́ wọn jù ni ìdọ́gba tí wọ́n ti tú ká, bíi 9x² + 4y² − 36x + 8y + 4 = 0. Ẹ kó x sápá kan, ẹ kó y sápá kejì: 9(x² − 4x) + 4(y² + 2y) = −4. Ẹ wá ṣe completing the square, kí ẹ sì rọra níbí. 4 la fi kún x² − 4x nínú àkámọ́, ṣùgbọ́n 9 wà níta tó ń sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí náà 36 ló máa wọ apá kejì. 1 tí a fi kún ti y náà á di 4. Ó di 9(x − 2)² + 4(y + 1)² = 36. Ẹ fi 36 pín in: (x − 2)²/4 + (y + 1)²/9 = 1.

Àárín rẹ̀ ni (2, −1). Ẹ má tíì sáré lọ síbi focus. Abẹ́ y ni nọ́ńbà tó tóbi jù wà, torí náà ńṣe ni ellipse yìí nàró, kò sùn sílẹ̀. Níbí, a ni ìdajì gígùn rẹ̀, b ni ìdajì ìbú rẹ̀, c sì ni bí focus ṣe jìnnà sí àárín: a = 3, b = 2, c² = a² − b² = 9 − 4 = 5. Òkè àárín àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni focus méjèèjì wà: (2, −1 + √5) àti (2, −1 − √5). Ẹni tó kàn há (±c, 0) á lọ wá wọn lápá ọ̀tún àti òsì. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń gba iṣẹ́ tí kò ní àwòrán lọ́wọ́ ọmọ kankan, ì báà jẹ́ àwòrán ọwọ́ lásán.

Focus yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan. Ní 1609, Kepler kọ ọ́ pé ellipse ni Mars ń tọ̀ yí oòrùn ká, oòrùn kò sì sí láàárín ellipse náà, ojú focus ló wà. Dish orí òrùlé náà, ara parabola ni wọ́n ti yọ ọ́. Ojú focus rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé LNB, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ìgbì, sí, torí ibẹ̀ ni ìgbì tó ń bọ̀ láti òkè ti ń pàdé.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù lọ nìyí: ìlà kan gba ojú focus y² = 4ax kọjá, ó gé parabola náà ní P àti Q. Ẹ fi hàn pé tangent P àti tangent Q (ìlà tó kan parabola lójú P àti lójú Q láìgé e) pàdé lórí directrix ní igun 90°. Ẹ má fi x àti y jà. Ẹ pe P ní (ap², 2ap), kí ẹ pe Q ní (aq², 2aq). Nígbà tí ìlà PQ ti gba (a, 0) kọjá, pq = −1. Gradient tangent méjèèjì ni 1/p àti 1/q. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, −1 ni, igun 90° dé nìyẹn. Wọ́n pàdé ní (apq, a(p + q)), x ibẹ̀ sì jẹ́ −a, ìyẹn directrix gan-an. Bí ọmọ bá rí i pé pq = −1 nìkan ló ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ máa ń tàn, inú tèmi náà á sì dùn.

Ti hyperbola kò pẹ́: c² = a² + b² ni, kì í ṣe ìyọkúrò, kí ẹ sì kọ́kọ́ fa asymptote (ìlà tí hyperbola ń sún mọ́ láìkàn án) kí ẹ tó ya hyperbola fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀, ẹ mú pọ́íǹtì kan tí ẹ rí padà sínú ìdọ́gba tí wọ́n fún yín. Ṣóńṣó òkè ellipse wa ni (2, 2): 36 + 16 − 72 + 16 + 4 = 0.