Odindi kọ̀ǹpútà lórí pátákó kan ṣoṣo

Mo gbé Raspberry Pi 4 sí àtẹ́lẹwọ́ lónìí, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó fún un níná. Gígùn rẹ̀ ò ju mìlímítà 85 lọ, ìbú rẹ̀ 56. Síbẹ̀, odindi kọ̀ǹpútà ni! Ohun tí wọ́n máa ń tò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú kọ̀ǹpútà ńlá, orí pátákó kan náà ni wọ́n jó gbogbo rẹ̀ mọ́: ọpọlọ tó ń ṣírò, mẹ́mọ́rì, ihò USB àti ti íntánẹ́ẹ̀tì.

Kò ní háàdì dísìkì. Inú káàdì microSD, irú èyí tí à ń fi sí fóònù, ni Linux, ètò tó ń darí rẹ̀, wà. Bí mo ṣe fún un níná, iná pupa tàn, iná àwọ̀ ewé sì ń ṣẹ́jú wìrìwìrì. Ìyẹn ni pé ó ń ka káàdì lọ́wọ́.

Àmọ́ ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni abẹ́rẹ́ 40 tó tò sí etí rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní GPIO, tí a fi ń so nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ò sábà ní irú ẹ̀. Mo so iná LED kékeré kan mọ́ ọn pẹ̀lú rẹsísítọ̀ tó ń dín agbára iná kù, mo kọ ìlà díẹ̀ ní Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ni iná bá tàn, ó kú, ó tún tàn. (Fóltì 3.3 ni àwọn abẹ́rẹ́ tó ń gba àṣẹ ń lò o. Ẹ má fi 5 kàn wọ́n, ó lè ba pátákó jẹ́.)

Ní tèmi, irú èyí ló yẹ kí ọmọdé fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń wọn ooru ni mo fẹ́ so mọ́ ọn tẹ̀ lé e.