Ìfilọ̀ Ọdún Tó Kọjá Ló Ṣe Ìkórè Ọdún Yìí

Ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àdúgbò, ìsìn kì í parí síbi ìwàásù. Ibi ìfilọ̀ ló ń parí sí, ìfilọ̀ ọ̀hún sì lè gùn ju ìwàásù lọ. Ìpàdé àwọn Olórí Kíláàsì (kíláàsì ni ẹgbẹ́ kéékèèké tí wọ́n pín ọmọ ìjọ sí) á wà níbẹ̀, ìdánrawò àwọn akọrin á wà níbẹ̀, ìkéde ìgbéyàwó, ìdúpẹ́ ọmọ tuntun, gbígbá ọgbà ìjọ, àti owó kíláàsì tí àwọn kan ti jẹ láti oṣù Kẹta. (Owó kíláàsì yìí kì í ṣe nǹkan àná. Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1742, pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n lè fi san gbèsè ilé ìsìn. Kò dájú pé ẹnikẹ́ni tíì san tán.) Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á rọ́ sínú bébà kan ṣoṣo, iwájú àtẹ̀yìn, lẹ́tà tíntìntín, torí pé bébà méjì náni lówó ju ẹyọ kan lọ.

Akọ̀wé ìjọ kan nígboro Ìbàdàn, ẹ jẹ́ ká bò ó láṣìírí, ní ọgbọ́n tó fi ń dín iṣẹ́ kù. Ìfilọ̀ Ìkórè ọdún 2024 ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Ó ṣí i, ó yí 2024 sí 2025, ó yí àkòrí Ìkórè padà, ó yí orúkọ alága ọjọ́ náà padà, ó bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọjọ́ oṣù nìkan ni kò yí. Sọ́ńdè kejì nínú oṣù Kọkànlá bọ́ sí ọjọ́ 10 lọ́dún 2024. Lọ́dún 2025, ọjọ́ 9 ló bọ́ sí, torí pé kàlẹ́ńdà máa ń fi ọjọ́ kan sún bí ọdún bá yí, á sì fi méjì sún bí oṣù Kejì ọlọ́jọ́ 29 bá wà láàárín. Báyìí ni “Sọ́ńdè, ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 2025” ṣe jáde lórí bébà, ọjọ́ tí Ọlọ́run ò dá rí.

Kí ẹnikẹ́ni tó rí ìyẹn, bébà náà ti kọ́kọ́ da nǹkan mìíràn sílẹ̀. Ìkéde ìgbéyàwó ló kẹ́yìn ní iwájú bébà, ìfilọ̀ nípa ẹran Ìkórè ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà ti gé ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn bébà dànù, bó ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá sún mọ́ etí bébà jù. Ìríjú tó fẹ́ kà á sì gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé. Baba dìde, wọ́n tún aṣọ wọn ṣe, wọ́n gbóhùn sókè:

“Èyí ni ìkéde ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí kan tí kò fi yẹ kí a so àwọn méjèèjì yìí pọ̀ nínú ìgbéyàwó mímọ́,” wọ́n yí bébà, “kí ó fà á wá sẹ́yìn ilé Àlùfáà kó tó di ọ̀sán Sátidé, kí ó so ó mọ́ ìdí máńgòrò, kí ó má sì gbàgbé ewé tí yóò jẹ.”

Àwọn akọrin ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìjọ gbà á, títí kan ọkọ ìyàwó. Ìyá ìyàwó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ sì ni, Sọ́ńdè mẹ́ta ni wọ́n ń ka irú ìkéde yìí, wọ́n á tún kà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó yẹ kí ó ní bébà tirẹ̀, kí orúkọ àwọn méjèèjì àti ti òbí wọn hàn gbangba, kí ó má bá ewúrẹ́ gbé pọ̀.

Ewúrẹ́ kan dé lọ́sàn-án Sátidé lóòótọ́. Ìdí máńgòrò ni wọ́n so ó mọ́.

Ní ti ọjọ́ 10, àwọn ọmọ ìjọ ò ní wàhálà kankan. Ọmọ ìjọ kì í wo ọjọ́ oṣù. Sọ́ńdè kejì ni wọ́n mọ Ìkórè sí, àwọn ìyá sì ti rán aṣọ ẹgbẹ́ tán. Ẹni tó ń wo ọjọ́ oṣù ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ tí wọ́n fi bébà náà ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp: Baba oníkánópì. Kí ló kàn án bí Ìkórè bá bọ́ sí Sọ́ńdè tàbí Ọjọ́rú? Ó rí ọjọ́ 10, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀: kánópì mẹ́rin, àga oníke 200, tábìlì 10. Wọ́n ti san ìdajì owó fún un.

Ẹ lè ní kí ló dé tí wọn ò fi fura ní Sátidé. Ìbàdàn ni o. Kò sí kánópì tó ń sùn nílé ní Sátidé. Òde ìgbéyàwó, òde òkú, òde ìkómọ, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nítorí náà, kánópì Ìkórè kì í sábà dé kó tó di ìdájí Sọ́ńdè, àwọn ìgbìmọ̀ Ìkórè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kánópì kan á gba nǹkan bí àádọ́ta ènìyàn, ọkùnrin mẹ́rin á sì fi nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbé e dúró bí wọn ò bá wá ọ̀pá kan tì. Bí ọkọ̀ bá dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, iṣẹ́ á parí kí agogo ìsìn tó lù.

Aago mẹ́fà lù. Ọkọ̀ ò dé. Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn aago mẹ́fà, alága ìgbìmọ̀ pe Baba oníkánópì.

“Ẹ kú Ọjọ́ Ìsinmi o, Bàbá,” ni ìyẹn wí, ohùn rẹ̀ ṣì wúwo fún oorun. “Ẹ má yọnu rárá. Ọ̀la là ń bọ̀, kùtùkùtù.”

Wọ́n ní ọ̀la kẹ̀? Ó ní ṣé ọjọ́ 10 kọ́ lọ̀la ni. Wọ́n ní kó wo bébà dáadáa. Ó ní bébà lòun ń wò.

Kánópì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lójú òde ìnáwó tí wọ́n ti lò ó lánàá. Bí wọ́n bá ní kó máa tú u nígbà náà, ọ̀sán á pọ́n kó tó dé. Alága gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ojú ọ̀run. Òjò ò sí níbẹ̀. Oòrùn ló ń bọ̀.

Mọ́sálásí wà lẹ́yìn ilé ìjọ, wọ́n sì ní kánópì méjì àti àga tí wọ́n fi ń ṣe wòlímọ̀. Bàbá Ìjọ fúnra wọn ló lọ bá Àáfà, ìyẹn sì mú kọ́kọ́rọ́ wá láìbéèrè ìdí. “Àga 80 ló wà níbẹ̀, ẹ kà á kí ẹ tó kó o, ẹ tún kà á bí ẹ bá ń dá a padà. Ọ̀dà àwọ̀ ewé wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Ìrẹsì ńkọ́, Bàbá?” Bàbá Ìjọ ní tiwọn ti wà nílẹ̀.

Ẹni tó bá yá àga rí mọ̀ pé ọ̀dà ẹsẹ̀ àga yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Funfun ni àga oníke gbogbo. Bí tìrẹ bá ti bọ́ sáàárín ti ìjọ, tí kò ní àmì, ó ti di ti ìjọ nìyẹn.

Kánópì méjì ò lè bo ìjọ tó ti kún dé títì, ìdajì èrò ló bá wà nínú oòrùn. Àlùfáà ò wá kánópì kún un. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Badagry, abẹ́ igi àgíà ni wọ́n sì ti wàásù, kò sí ẹni tó yá kánópì fún wọn. Ohùn kan láti ẹ̀yìn dáhùn pé igi náà ní òjìji, Sà.

Ìrẹsì gan-an ló jìyà jù. Àpò kan ni, kílò 50, tí a bá bù ú níwọ̀nba á tó nǹkan bí irinwó ènìyàn. Ìkòkò ńlá méjì ni Ẹgbẹ́ Obìnrin pín in sí, wọ́n ń fi igi dá a lẹ́yìn ilé. Ẹni tó mọ ìrẹsì ọbẹ̀ ata se lórí igi mọ̀ pé bí omi bá ti ń fà, igi là ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹyin iná nìkan là ń fi sílẹ̀, a ó fi ọ̀rá dé ẹnu ìkòkò kí ooru inú rẹ̀ lè parí iṣẹ́. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n yọ igi gẹ́lẹ́ ni igbe ta pé kí gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ wá ru àga. Àwọn ìyá lọ. Igi ò lọ.

Nígbà tí wọ́n fi padà, ìdí ìkòkò kan ti jóná. Ìyẹn nìkan ò burú. Bí ìdí bá jó, ẹ má fọwọ́ kàn án: ẹ rọra bu òkè rẹ̀ sínú ìkòkò mìíràn, ẹ fi ìdí sílẹ̀ fún ìdí. Ṣùgbọ́n ọmọ Boys' Brigade kan tó fẹ́ ran àwọn ìyá lọ́wọ́ ti mú ọmọrogùn, ó sì ti rò ó kanlẹ̀, tagbára-tagbára, bí ẹni tó ń gba àmì ẹ̀yẹ. Dúdú ti wọnú pupa. Ìyá Ìjọ wò ó, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn gba ọmọrogùn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé ìkòkò yẹn lọ fún àwọn ọkùnrin. Àwọn ọkùnrin ní èyí gan-an ni ìrẹsì òde, wọ́n ní kí wọ́n tún bù ú wá.

Gbàǹjo ló kù. Ẹni tí kò bá tíì rí gbàǹjo Ìkórè rí á rò pé ọjà lásán ni. Wọ́n á gbé àgbébọ̀ kan sókè, ẹnì kan á rà á, á sanwó, á ní òun fi í sílẹ̀ fún ìjọ, wọ́n á sì tún un tà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ta adìyẹ kan lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó gbé e lọ sílé níkẹyìn ló san iye tó kéré jù. Ibi tí owó gbàǹjo ti ń sọnù ni ẹ̀jẹ́: “Ẹ kọ mí sílẹ̀, mo ń bọ̀.” Orúkọ nìkan ò tó. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù àti kíláàsì tó wà, kí Olórí Kíláàsì rẹ̀ lè rántí rẹ̀ bó bá yá. Ṣùgbọ́n oòrùn lé àwọn òǹrajà lọ kí wọ́n tó dé ìdajì ẹrù. Iṣu ṣẹ́ kù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣẹ́ kù, ewúrẹ́ ìdí máńgòrò náà ṣẹ́ kù.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ìgbìmọ̀ jókòó ti ìfilọ̀ tó kù lọ́dún, pẹ̀lú kàlẹ́ńdà lórí tábìlì. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì, ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá: ó tọ̀nà. Àìsùn ọdún, Ọjọ́rú, ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá: “aago 10” ni akọ̀wé kọ, wọ́n fi “alẹ́” kún un, torí pé èèyàn kan ti wá láàárọ̀ rí. Ìsìn Májẹ̀mú, èyí tí John Wesley, olùdásílẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1755, Sọ́ńdè, ọjọ́ 4 oṣù Kínní: akọ̀wé ti kọ 2025 síbẹ̀, wọ́n fa ìlà sí i, wọ́n kọ 2026. Wọ́n fẹnu kò pé láti ìsinsìnyí, ẹni méjì ni yóò máa ka ìfilọ̀ kó tó lọ sọ́dọ̀ aṣẹ̀dà, ẹni kan á sì máa pe gbogbo àwọn tí wọ́n gbéṣẹ́ fún ní Ọjọ́bọ̀, á bi wọ́n ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ oṣù, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó tó di aago méje, ọkọ̀ dúró lẹ́nu géètì. Kánópì mẹ́rin, àga 200, tábìlì 10, ohun gbogbo pé pérépéré. Alágbàṣe tó ń gbá ọgbà nìkan ló wà nílé. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ fi dé, wọ́n ti ta kánópì méjì, Baba oníkánópì sì ń béèrè ìdajì owó tó kù.

Wọ́n bá fi kánópì ṣe gbàǹjo ìyókù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àdúgbò jáde, àwọn ará mọ́sálásí ra iṣu, Àáfà ná ewúrẹ́ náà. Baba oníkánópì tó jókòó sórí àga rẹ̀ tún fowó lé ti Àáfà. Àáfà lé e, Baba oníkánópì tún lé e, wọ́n lu agogo, ewúrẹ́ di tirẹ̀. Ó gbé e sínú ọkọ̀ láàárín àwọn ọ̀pá irin, ó ní kí wọ́n yọ owó rẹ̀ nínú ìdajì tí wọ́n jẹ òun. Akápò ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó kọ rìsíìtì.

Ó yọ bírò, ó wo akọ̀wé. “Ọjọ́ wo ni kí n kọ sí i?”