Bàbá tí mò ń tọ́jú àti sẹ́nétọ̀ wọn

Ọdún kejì tí mo dé Minneapolis, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ni mo rí iṣẹ́ alẹ́ nílé bàbá òyìnbó kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi bẹ̀rẹ̀ níbí. Mo máa ń wẹ̀ fún wọn, mo máa ń fún wọn lóògùn, mo sì máa ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì lóru kí ara wọn má bàa dá egbò. Bàbá mìíràn kan ló ń bá wọn gbé. Lójú tèmi, àbúrò wọn ni. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń béèrè pé “àbúrò yín ńkọ́?”, wọn ò sì bá mi jà.

Lọ́jọ́ kan mò ń nu eruku, mo rí ìwé ìròyìn kan tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nínú férémù, àwòrán ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀. Mo béèrè ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní, “Sẹ́nétọ̀ wa nìyẹn. Allan Spear.” Mo sún mọ́ ọn, mo kà á: *Minneapolis Star*, ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá, 1974. Sẹ́nétọ̀ náà ló ń sọ fún gbogbo ayé pé ọkùnrin lòun ń fẹ́.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí n kì í fẹ́ rántí. Mo ní níbi tí a ti wá, a kì í dìbò fún irú wọn. Bàbá ò fèsì. Wọ́n kàn wo bàbá kejì tó ń da tíì sínú ife fún wọn, ife méjì, ṣúgà ẹyọ kan nínú ọ̀kan, òmíràn ò ní. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ilẹ̀ ò kúkú lanu.

Òru gùn nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Bàbá bá sùn, mo máa ń gbé fóònù mi, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kiri. Ọmọ Júù ni, 1937 ni wọ́n bí i ní Michigan City, ìpínlẹ̀ Indiana. Olùkọ́ ni ní Yunifásítì Minnesota, ìtàn àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ló sì ń kọ́ni. Òyìnbó tó jókòó ti ìtàn aláwọ̀ dúdú, èyí nìkan ti tó kí n fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní 1972, àdúgbò tó yí yunifásítì náà ká dìbò yàn án sí Ilé Aṣòfin Àgbà ìpínlẹ̀ Minnesota. (Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe ti Washington. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbí ló ní aṣòfin tirẹ̀.)

Ní oṣù Kọkànlá 1974, àwọn ará Massachusetts dìbò yan Elaine Noble, obìnrin tí kò fi pamọ́ pé obìnrin lòun ń fẹ́. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Spear la ọ̀rọ̀ tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbogbo èèyàn ìbá rò pé ó ti parí fún un. Àwọn tó dìbò fún un tẹ́lẹ̀ tún dá a padà ní 1976, wọ́n sì ń dá a padà títí ó fi pé ọdún 28 níbẹ̀.

Ohun tó mú mi jókòó gbọnin-gbọnin lórí àga lóru ọjọ́ yẹn rèé: ní gbogbo ọdún 28 yẹn, òfin tó ka ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin sí ẹ̀ṣẹ̀ ṣì wà nínú ìwé òfin Minnesota. Ọdún 2001 nilé ẹjọ́ tó sọ ọ́ di asán, nígbà tó ti fi ipò sílẹ̀. Ọkùnrin náà ń ṣòfin nínú ilé tí òfin ibẹ̀ ń pè é ní ọ̀daràn. Mo rántí tiwa ní Nàìjíríà tí Ààrẹ Jonathan buwọ́ lù ní 2014, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin tó bá fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó bá fẹ́ obìnrin níyàwó-lọ́kọ. Nílé wa nígbà náà, a pàtẹ́wọ́. Èmi náà pa tèmi.

Àbá kan wà tí Spear ń gbé kiri, pé kí òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé èèyàn níṣẹ́ tàbí kó lé e jáde nílé torí ẹni tó ń fẹ́. Wọ́n dà á nù ní 1977. Ní 1978, àwọn ará Saint Paul, ìlú tó múlé ti Minneapolis, fi ìbò fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ nílùú tiwọn. Spear ò fi ilé aṣòfin sílẹ̀. Ó gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ ìdájọ́ àti ìwà ọ̀daràn, ó jẹ́ alága ìgbìmọ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó di 1993, àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe Ààrẹ Ilé. Òun ló wá wà lórí àga òkè, òòlù igi lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀tá àbá rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ kọjú sí i, kó pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Ààrẹ. Bàbá fẹ́ràn ibẹ̀ jù. Tí wọ́n bá ń sọ ọ́, wọn á fi ṣíbí kan tábìlì, kó, kó, bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n ń darí ìjókòó.

Lọ́dún yẹn náà ni àbá ọ̀hún kọjá. Dean Johnson, pásítọ̀ ìjọ Lutheran tó jẹ́ olórí àwọn Republican, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń bá ti Spear du ipò, nínú ilé náà, wà lára àwọn tó gbè é lẹ́yìn. Gómìnà Arne Carlson, Republican lòun náà, buwọ́ lù ú lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹrin. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀ ni Minnesota gba ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin láàyè, ní 2013. Spear ti kú ní 2008, kò rí i. Bàbá méjèèjì yìí rí i. Wọ́n lọ fọwọ́ síwèé, wọ́n sì padà sílé wá jẹun ọ̀sán.

Màmá mi máa ń pè ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n béèrè pé ta ló ń tọ́jú bàbá yẹn tí n kò bá sí níbẹ̀, ìyàwó wọn ńkọ́? Mo ní ẹnìkejì wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì ti wà pa pọ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún. Èdè wa dára lórí ọ̀rọ̀ yìí, “ẹnìkejì” ò ní akọ, kò ní abo. N kò purọ́ fún màmá mi, n kò sì là á tán. Màmá ní, “Ogójì ọdún! Olúwa á jẹ́ kí wọ́n bára wọn kalẹ́ o.” Mo ní àmín.

Mo jíṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Bàbá kejì ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá kí àwọn gbọ́ bó ṣe ń dún. Wọ́n gbìyànjú “kalẹ́” lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ń pè é bí ẹni tó fẹ́ sín, Bàbá sì ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì títí mo fi ní kí wọ́n rọra, kí tíì má bàa dà sí wọn lára.