Mo Tún Fẹ̀yìn Lélẹ̀ Sùn

Ẹ bá mi dúpẹ́ o, ọpẹ́ yìí kọjá ohun tí mo lè dá ṣe. Fún odidi oṣù mẹ́jọ, ìjókòó ni mo ń sùn. Ìrọ̀rí mẹ́ta ni mo fi ń tì ẹ̀yìn, torí bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, èémí mi á fẹ́ gé. Lálẹ́ àná, mo nà gbalaja, mo sì sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọmọ ọdún 27 ni mí nígbà tí mo ní jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Hodgkin. Ìtànṣán, iná ẹ̀rọ tí ojú kì í rí (radiation), ni wọ́n fi jó àwọn kókó tó wà láyà mi. Jẹjẹrẹ lọ, ó lọ pátápátá. Mi ò mọ̀ pé ìtànṣán náà kan ọkàn mi, pé irú ìpalára bẹ́ẹ̀ lè fara pamọ́ fún ọdún 10, àní 20, kó tó yọjú. Tèmi gba ọdún 24.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, mo ní àgbà ló dé. Àwọn dókítà ní ikọ́ fée ni, wọ́n fún mi ní oògùn tí à ń fà símú. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa jẹjẹrẹ, èmi náà ò sì sọ. Dókítà obìnrin kan ló fẹ́ gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù, ló bá rí àmì dúdú mẹ́ta láyà mi, kékeré bí orí abẹ́rẹ́, tí wọ́n fi sàmì ibi tí ìtànṣán máa gbà nígbà náà lọ́hùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Mà, ṣé wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú yín rí?" Ọlọ́run ló la ojú yẹn!

Àwòrán ọkàn fi hàn pé ìlẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde lọ sí gbogbo ara ti gan, ó le bí egungun, kò ṣí dáadáa mọ́. Kò sí oògùn tó lè mú un rọ̀. Àpá ìtànṣán ò sì jẹ́ kí àyà mi ṣeé là bọ̀rọ̀, nítorí náà iṣan ẹ̀jẹ̀ itan ni wọ́n gbà gbé ìlẹ̀kùn tuntun, èyí tí wọ́n fi awọ tó bo ọkàn màlúù ṣe, wọnú ọkàn mi.

Ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú àyà yín, bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún dókítà yín. Ẹ bi wọ́n nípa àwòrán ọkàn kó tó di pé èémí ń gé. Mi ò bínú sí ìtànṣán o. Òun ló jẹ́ kí n wà láyé bí ọmọ.

Ọmọ yẹn náà ló wọlé láàárọ̀ yìí láti wá tún ìrọ̀rí tò fún mi. Ó bá méjì nílẹ̀. Ó pariwo "Jésù!", ó wólẹ̀ síbẹ̀, ó ń sunkún. Mo dìde, mo jó yí i ká.